Ogun orí tábìlì: bí ẹ ṣe lè kó ọ̀rẹ́ jọ, kí ẹ fi ère kéékèèké ja ogun àtijọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ràn eré yìí ló ní àpótí kan nílé tó kún fún ère ọmọ ogun tí kò tíì kan ọ̀dà, tí kò sì dé orí tábìlì rí. Èmi náà ní i. Ohun tó fà á ni pé ìdí la ti bẹ̀rẹ̀: a kọ́kọ́ ra ère, a wá ìwé òfin lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tó yá la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí yóò bá wa ṣeré. Ọ̀nà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín yí i padà. Ẹ wá èèyàn, ẹ yan ogun kan ṣoṣo, ẹ fi páálí tí ẹ gé jà á, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ère. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Fún ẹni tí kò rí i rí, báyìí ló rí. Èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró yí tábìlì ká. Òkè, igbó, odò àti ọ̀nà wà lórí rẹ̀ ní kékeré, àwọn ère ọmọ ogun sì tò ní ikọ̀ ní ikọ̀. Tépù ni wọ́n fi ń wọn ibi tí ikọ̀ kan lè rìn dé, dáìsì ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ọfà bà àti ẹni tí ẹ̀rù bà. Kò dà bíi dráfù tí ọmọ tọ̀tún-tòsì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Níbí, apá kan lè ní ọmọ ogun ìlọ́po méjì èkejì kí eré náà má sì fì sápá kan, torí ohun tí oníkálukú ń lépa yàtọ̀ síra.

Eré yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1824 ni ọ̀gá ológun kan ní Prussia, ìjọba àtijọ́ kan nílẹ̀ Jámánì, tó ń jẹ́ Reisswitz tẹ òfin eré ogun tirẹ̀ jáde, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun bí a ṣe ń pàṣẹ. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ òfin mìíràn jáde fún ilé aráàlú. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ lo dáìsì láti fi yìnbọn: ìbọn ńlá ìṣeré onísípíríǹgì ni wọ́n fi ń yin ọmọ ogun lulẹ̀ lóòótọ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí ìyẹn nígbà tí ẹnì kan bá ń bínú pé dáìsì ò ṣe tòun.

Ẹ wá èèyàn kí ẹ tó wá ère

Ẹni méjì tó fún eré yìí, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ló dùn jù níbẹ̀rẹ̀, torí ẹnì kẹta ni yóò di òfin mú. Nínú eré Reisswitz, rẹfirí ló mọ ohun gbogbo: àwọn tó ń jagun á kọ àṣẹ wọn fún un, òun á sì fi kìkì ohun tí ojú wọn lè tó hàn wọ́n. Tiyín kò ní láti le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò ní ikọ̀ kankan lórí tábìlì ló lè dájọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní fura sí i.

Kí ẹ tó tú ká lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta lọ́wọ́ ara yín. Wákàtí mélòó la ní? Mẹ́ta tó, eré tó bá gùn ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, àárẹ̀ ló máa ń parí rẹ̀, kì í ṣe ìṣẹ́gun. Kí ni oníkálukú ń wá? Àwọn kan fẹ́ borí, àwọn kan fẹ́ kí ogun náà rí bó ṣe rí nínú ìtàn, àwọn mìíràn ò bìkítà ẹni tó borí bí ọ̀dà ara ère wọn bá ti wuni. Bí ẹ kò bá sọ èyí jáde, ẹni tó ń wá ìtàn á máa rò pé ẹni tó ń wá ìṣẹ́gun ń yan òun jẹ, ìyẹn náà á sì máa rò pé èkejì ò fojú sí eré. Ìbéèrè kẹta: ogun wo la ò ní fọwọ́ kàn? Ogun tó ṣojú ẹnì kan nínú yín, tàbí tó gbé bàbá àgbà ẹnì kan lọ, kì í ṣe ohun tí a ń fi dáìsì ṣeré láìbéèrè. Bí ẹnì kan bá ní òun ò fẹ́, ẹ má bi í léèrè ìdí.

Ẹ yan ogun kan ṣoṣo

Orúkọ ńlá ló máa ń fa ojú ẹni tuntun. Gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ ja Waterloo, ogun tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Waterloo sílẹ̀ ná. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀ lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1815, ìbọn ńlá, ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́sẹ̀ ń da ara wọn láàmú, òfin tó sì lè gbé gbogbo rẹ̀ ló máa ń nípọn jù fún alẹ́ àkọ́kọ́.

Èyí tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tuntun ni ogun Hastings, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1066. William, olórí Normandy nílẹ̀ Faransé, sọdá òkun wá gba adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba Harold ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun àwọn ará Norway ní Stamford Bridge, níhà àríwá, lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ni, kò tíì mí kanlẹ̀ tó fi sáré kó ọmọ ogun padà sí gúúsù. Ó tò wọ́n sórí òkè kan, asà kan asà, bí ògiri. William ní ẹlẹ́ṣin, ẹlẹ́sẹ̀ àti tafàtafà. Ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni Harold gbára lé. Tafàtafà rẹ̀ kò tó nǹkan. Láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni wọ́n ti jà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìgbà tó fi máa di alẹ́, Harold ti kú, ògiri asà ti fọ́.

Ẹ wo bí èyí ṣe rọrùn láti gbé sórí tábìlì. Òkè kan, irú ọmọ ogun díẹ̀, ìbéèrè kan: ṣé òkè yìí máa wà lọ́wọ́ Harold títí ilẹ̀ á fi ṣú? Kò sí ìbọn, kò sí odò, kò sí ìlú. Èyí tó tún wá dùn jù ni pé àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà sọ pé àwọn ẹlẹ́ṣin Norman ń díbọ́n bí ẹni ń sá, àwọn kan nínú ọmọ ogun Harold bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láti lé wọn, ibẹ̀ ni ẹlẹ́ṣin ti yíjú padà pa wọ́n. Òfin eré tí kò bá ní àyè fún ìyẹn kì í ṣe òfin ogun Hastings, bó ti wù kí ère orí tábìlì lẹ́wà tó.

Ẹ fi páálí jà á ná

Ẹ gé páálí tó le sí wẹ́wẹ́: sẹ̀ǹtímítà 4 ní fífẹ̀, 3 ní jíjìn. Ẹ kọ orúkọ ikọ̀ sí i lára, kí ẹ sì fa ọfà kékeré sí ibi tó kọjú sí. Páálí mẹ́rin ló jẹ́ ikọ̀ kan, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, kí ẹ ti ìwé méjì tàbí mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀: òkè ti dé nìyẹn. Ẹ wá dáìsì bíi mẹ́wàá àti tépù kan.

Ẹni tó bá ń kánjú rí ère lè rò pé èyí ń fi àkókò ṣòfò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fi páálí ja ogun yìí lẹ ó mọ̀ bóyá ẹlẹ́ṣin mẹ́ta tó tàbí kò tó, bóyá tábìlì yín gbà á, àti bóyá ẹ tilẹ̀ fẹ́ràn ogun ìgbà yẹn. Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 4 tí mo sọ yìí kò ṣàdédé: òun ni ọ̀pọ̀ òfin ogun àtijọ́ ń lò fún pátákó ìdúró ère 15 mìlímítà, ìyẹn ère tó ga tó nǹkan bíi mìlímítà 15, nítorí náà ère tí ẹ bá rà lẹ́yìn ọ̀la á bọ́ sí àyè páálí yìí gẹ́lẹ́.

Òfin tí ẹ lè lò lálẹ́ òní

Ìwé òfin pọ̀ níta, àwọn kan sì dára gan-an. Àmọ́ fún alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ lo èyí tí mo hun fún ogun Hastings yìí.

Tábìlì jẹ́ 120 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 90 ní fífẹ̀. Òkè jẹ́ 60 ní gígùn, 20 ní fífẹ̀; ẹ gbé e síwájú Harold, kí àyè 20 wà láàárín òkè àti etí tábìlì tirẹ̀. Harold ní ikọ̀ mẹ́fà lórí òkè: méjì jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọba, àwọn tó ń fi àáké ọlọ́wọ́ gígùn jà, mẹ́rin jẹ́ ọmọ ogun àpèjọ, ará ìlú tí wọ́n kó wá. William ní ikọ̀ méje, 30 sẹ̀ǹtímítà sí ẹsẹ̀ òkè: ẹlẹ́ṣin mẹ́ta, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tafàtafà méjì. Abala mẹ́jọ ni eré náà, abala kan bíi wákàtí kan, láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nínú abala kan, William á ṣe tirẹ̀ tán, Harold á wá ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá kàn á kọ́kọ́ rìn, á ta ọfà bó bá ní, lẹ́yìn náà ni gbogbo ikọ̀ tó bá fara kanra á jà.

Ìrìn: ẹlẹ́sẹ̀ àti tafàtafà 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹlẹ́ṣin 25. Ẹlẹ́ṣin tó bá ń gun òkè kò lè rìn ju 12 lọ.

Ìtafà: ọfà ń lọ tó 30. Páálí tafàtafà kọ̀ọ̀kan á ju dáìsì kan, 5 tàbí 6 ló bà. Bí ẹni tí wọ́n ń ta bá wà lórí òkè tí kò sì kúrò lójú kan, 6 nìkan ló bà á, torí asà ti bo ara wọn. Ọfà tàbí idà méjì tó bà ló ń mú páálí kan kúrò. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, ẹ gbé òkúta wẹ́wẹ́ tì í kí ẹ má bàa gbàgbé.

Ìjà: páálí kọ̀ọ̀kan nínú ikọ̀ méjèèjì á ju dáìsì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. 5 tàbí 6 ló bà. Ẹ̀ṣọ́ ọba ń fi 4 bà pẹ̀lú. Ẹlẹ́ṣin náà ń fi 4 bà ní abala tó bá já lu ọ̀tá lórí ilẹ̀ tó tẹ́, kì í ṣe lórí òkè. Tafàtafà tí wọ́n bá ká mọ́ ń fi 6 nìkan bà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ikọ̀ tó pé ń ju dáìsì mẹ́jọ. Bó bá ń fi 5 bà, méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń bà, páálí kan lọ nìyẹn. Ẹ̀ṣọ́ ọba tó ń fi 4 bà á ba mẹ́rin, páálí méjì. Ìdí nìyí tí William tó bá gbọ́n kì í fi í dojú kọ ẹ̀ṣọ́ lórí òkè.

Ìgboyà ni ọkàn gbogbo rẹ̀, ẹ má fò ó. Lójú ogun àtijọ́, ikọ̀ kì í kú tán kó tó sá. Ó máa ń sá kó tó kú tán. Ìgbàkúùgbà tí ikọ̀ bá pàdánù páálí, ẹ ju dáìsì kan fún un. Bí iye tó jáde bá ju páálí tó kù pẹ̀lú ẹyọ kan lọ, ikọ̀ náà á sá sẹ́yìn 15 sẹ̀ǹtímítà, abala tó kàn ni yóò sì fi tò padà, kò ní ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ̀ṣọ́ ọba á yọ ẹyọ kan nínú iye tó jáde. Ikọ̀ tí páálí rẹ̀ ku mẹ́ta á dúró bí 1 sí 4 bá jáde. Èyí tó ku ẹyọ kan, 1 àti 2 nìkan ló lè gbà á là. Ikọ̀ tó bá tún sá kó tó tò padà, ẹ gbé e kúrò lórí tábìlì.

Ìlépa: bí ikọ̀ Norman tó ń bá ọmọ ogun àpèjọ jà bá fà sẹ́yìn, ìbáà sá lóòótọ́, ìbáà díbọ́n, Harold á ju dáìsì fún ikọ̀ náà. Bí 1 tàbí 2 bá jáde, wọ́n á já bọ́ lórí òkè, wọ́n á lé e ní 15 sẹ̀ǹtímítà, Harold fẹ́ o, Harold kọ̀ o. Ẹlẹ́ṣin William lè yàn láti fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ nígbà tó bá kàn án láti rìn. Ẹ̀ṣọ́ ọba kì í lépa.

Ìṣẹ́gun: bí abala kẹjọ bá parí tí Harold ní ikọ̀ mẹ́ta ó kéré tán lórí òkè, òun ló borí. Bí kò bá tó mẹ́ta, William ni. Harold fúnra rẹ̀ dúró pẹ̀lú ikọ̀ ẹ̀ṣọ́ kan. Bí ikọ̀ náà bá pa run, ó kú, gbogbo ikọ̀ tirẹ̀ tó kù á sì ju dáìsì ìgboyà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ pààrọ̀ apá. Bí apá kan bá borí nígbà méjèèjì, ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà, kí ẹ tún un jà. Ẹ fi ikọ̀ kan kún un, tàbí kí ẹ fi abala kan kún un. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́

Ẹ máa sọ èrò yín jáde kí ẹ tó gbé ère. “Mo fẹ́ dúró síbi tí ọfà rẹ ò ti ní lè dé ọ̀dọ̀ mi” dára ju kí ẹ gbé ikọ̀ sílẹ̀ kí ẹ wá máa jà lórí ìdajì sẹ̀ǹtímítà ní abala tó tẹ̀ lé e. Bí ẹnìkejì bá ti gbọ́ èrò yín, ẹ jọ wọ̀n ọ́n nígbà náà, ó sì parí. Ẹ tún pinnu ṣáájú bóyá ẹnikẹ́ni lè wọn ilẹ̀ kó tó yan ohun tó máa ṣe. Èmi fara mọ́ ọn; ẹni tí ojú rẹ̀ mọ ìwọ̀n kò yẹ kó tìtorí ìyẹn borí ẹni tó mọ ogun jà. Dáìsì tó bá fara ti nǹkan tàbí tó já bọ́ sílẹ̀, ẹ tún un jù. Ohun kékeré nìyí o, àmọ́ mo ti rí i tó lé èèyàn kúrò nídìí tábìlì.

Bí ẹ bá dé ibi tí òfin ò sọ nǹkan kan, ìṣẹ́jú méjì péré ni kí ẹ fi wá a. Bí ẹ ò bá rí i, kí rẹfirí sọ ohun tó bá ìtàn mu jù. Bí kò bá sí rẹfirí, ẹ ju dáìsì: 1 sí 3 tìrẹ, 4 sí 6 tèmi, kí eré máa lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá a lẹ́yìn eré. Ìtàn ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe ẹni tó ń pariwo jù.

Bí ẹ bá tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ogun Hastings tún wá gbádùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀nà mẹ́ta ni William fúnra rẹ̀ pín ọmọ ogun rẹ̀ sí: àwọn ará Brittany lápá òsì, àwọn Norman láàárín, àwọn ará Faransé àti Flanders lápá ọ̀tún. Ẹ fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní apá kan. Kí olúkúlùkù pàṣẹ fún tirẹ̀ nìkan, kí William má sì lè bá wọn sọ̀rọ̀ àfi nípa ìwé pélébé tí rẹfirí máa gbé dé ọ̀dọ̀ wọn ní abala tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ ogun gan-an, apá òsì ló kọ́kọ́ fọ́, ariwo sì ta pé William ti kú. Ó ní láti ṣí àṣíborí rẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé òun ni. Ẹ ó rí i bí irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ìwé pélébé bá ti pẹ́ ní abala kan.

Nígbà tí ìjà bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan ní abala karùn-ún, ẹ má tú ká. Ẹ bi ẹni tó ń pàdánù léèrè: ikọ̀ mélòó lo rò pé o lè fi gba òkè yìí dúró títí abala keje? Àfojúsùn tuntun nìyẹn, ó sì máa ń dá ẹ̀rín padà sójú rẹ̀.

Ère ti wá yá

Ẹ̀yin tí ẹ ti ja ogun náà lẹ́ẹ̀mẹta tí ó ṣì ń wù yín, ẹ lè ra ère báyìí. Ohun àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n, kí gbogbo yín sì fẹnu kò sórí ẹyọ kan. Ère 28 mìlímítà tóbi, ojú rẹ̀ hàn, ó dùn-ún kùn, ṣùgbọ́n tábìlì tó máa gbé ogun ńlá rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́rin ni wọ́n sábà ń lò fún un. Ère 15 mìlímítà ni mo yàn fún ogun tí a ń sọ yìí: mẹ́ta ẹlẹ́sẹ̀ lórí pátákó kan, méjì tafàtafà, méjì ẹlẹ́ṣin. Harold máa gba 72, William 64. Ère 6 mìlímítà kéré débi pé ogúnlọ́gọ̀ rẹ̀ máa ń jọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun lóòótọ́ téèyàn bá wò ó lókèèrè, àmọ́ kò sí ojú kankan láti kùn. Ti ike tí wọ́n ń pè ní 1/72 wà láàárín 15 àti 28: kò wọ́n, ó pọ̀ nínú páálí kan, àmọ́ ike rẹ̀ rọ̀, ọ̀dà sì máa ń ṣí lára rẹ̀ bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa.

Kíkùn ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dúró. Ẹ má kùn ère kan tán kó tó kan èkejì. Ẹ kùn ikọ̀ kan pọ̀, àwọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ṣòkòtò ná, gbogbo ẹ̀wù, gbogbo asà. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níbi tí mọ́ọ̀dù ti pàdé, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ère náà, kó gbẹ. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí igi tàbí ìdérí ìgò kí ọwọ́ yín má bàa máa kan án. Ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ bò ó, dúdú tàbí eérú. Bó bá jẹ́ ọ̀dà afẹ́fẹ́ lẹ fẹ́ lò, ìta ni kí ẹ ti fín in, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ojú ọjọ́ tutù tí ọ̀rinrin pọ̀, torí ó máa ń funfun bí erukutu lára ère.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dà olómi. Ẹ fi omi díẹ̀ là á. Ẹ̀ẹ̀mejì tó fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó ki lọ, torí èyí tó ki á bo ojú àti ìka ère mọ́lẹ̀. Bó bá ti gbẹ, ẹ pò ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ dúdú pẹ̀lú omi púpọ̀ títí á fi ṣàn, kí ẹ fi kùn gbogbo ara rẹ̀. Á ṣàn sínú kọ̀rọ̀ aṣọ àti abẹ́ àgbọ̀n, òjìji á sì yọ fúnra rẹ̀. Idán tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń wò ó á rò pé ẹ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán nu àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sórí àwọn ibi tó yọ sókè. Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú fáníìṣì tí kì í dán. Ère tí ọwọ́ ń gbé káàkiri láìsí fáníìṣì, orí imú ni ọ̀dà ti máa kọ́kọ́ ṣí.

Àwọ̀ wo? Aṣọ Bayeux ni kí ẹ lọ wò, aṣọ gígùn tó tó nǹkan bíi mítà 70 tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú ya ogun yìí sí. Ẹ ó rí àṣíborí ṣóńṣó tí irin kan sọ̀ kalẹ̀ bo imú, asà gígùn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣóńṣó, ẹ̀wù irin. Kò sí aṣọ ìjọra nígbà náà, nítorí náà ẹ má kùn ikọ̀ kan ní àwọ̀ kan bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ẹ da àwọ̀ pọ̀: àwọ̀ ilẹ̀, pupa tó ti ṣá, ewé tó rọ, eérú.

Bí ẹ bá rí ère irin àtijọ́ gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ rántí pé òjé wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ha á, ẹ má jẹun nídìí rẹ̀, kí ẹ gbé e jìnnà sí ọmọ tó ń ki nǹkan bọ ẹnu.

Ilẹ̀ ogun

Èyí ò gba wàhálà. Aṣọ tó nípọn tó ní àwọ̀ koríko tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di ẹ̀rọ sínú páálí lẹ lè fi gbẹ́ òkè: ẹ gé etí rẹ̀ dagun, ṣùgbọ́n kó má ga gọngọ, torí ère orí òkè tó bá dagun jù á ṣubú. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà kùn ún, ẹ bu yanrìn sí i, kí ẹ kùn ún nígbà tó bá gbẹ. Ẹ má gbé súpà gúlù tàbí ọ̀dà afẹ́fẹ́ súnmọ́ fóòmù yẹn ní ìhòòhò. Ṣe ló máa jẹ ẹ́ bí iná. Èmi ti fi òkè odidi kan kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn.

Bí tábìlì yín bá fẹ̀ ju 120 sẹ̀ǹtímítà lọ, ọwọ́ ò ní dé àárín rẹ̀, ẹnì kan á sì fi apá gbá ikọ̀ ẹlẹ́ṣin dànù.

Lẹ́yìn eré, ẹ má kó ère jọ sínú ọ̀rá. Ẹ gé ìwé òòfà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ abẹ́ pátákó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ́ páànù pẹlẹbẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Àwọn ère á dúró lórí ẹsẹ̀ wọn bí ẹ ti ń gbé wọn lọ sílé ẹlòmíràn, ọ̀kọ̀ ọwọ́ wọn ò ní tẹ̀, lẹ́ta kékeré tí ẹ kọ sábẹ́ pátákó á sì jẹ́ kí gbogbo yín mọ ikọ̀ tí oníkálukú ní.